Ògiri Inú Dísìkì

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lo kọ̀ǹpútà tí ń fi èdè Faransé sọ̀rọ̀, tí ó sì jẹ́ pé Linux ni ó ń darí rẹ̀, lè ti pàdé gbólóhùn yìí nígbà kan rí: «Aucun espace disponible sur le périphérique». Àyè ti tán, ni ohun tí ó ń wí. Gbólóhùn náà yọ sí wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ girama tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní ìhà Kétu, ohun tí a sì kọ́kọ́ ṣe ni pé a pe kọ̀ǹpútà ní òpùrọ́. Dísìkì tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti gígábáìtì 80. A mọ ohun tí a ti kó sínú rẹ̀. Kò tíì tó ìdajì.

Kọ̀ǹpútà kò purọ́. Yàrá kan ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwa ń ronú nípa gbogbo ilé. Nítorí pé a kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì ni a ṣe pàdánù ohun kan tí a kò lè rà padà. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí àwọn òǹkàwé ìwé yìí, pàápàá àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń kó ohùn àwọn àgbà pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe.

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àlòkù ni gbogbo wọn. Windows tí ó wà nínú wọn ti gbó, ó ń rìn bí ìgbín, kò sì sí owó tí a ó fi ra tuntun. A pinnu láti fi Debian rọ́pò rẹ̀. Debian jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí a kọ́ lé Linux lórí. Láti ọdún 1993 ni àwọn ènìyàn tí ó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè gbé nínú ẹ̀rọ tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Àwa olùkọ́ méjì ni a gba iṣẹ́ náà, ọ̀kan ń kọ́ni ní èdè Faransé, èkejì ní ìṣirò. A kò kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Ìgboyà ni a ní, àti ìwé atọ́nà kan tí ọ̀rẹ́ wa kan ti tẹ̀ sórí bébà fún wa.

Bí a bá ń gbé Debian kalẹ̀, a ó dé ibì kan tí yóò ti béèrè bí a ṣe fẹ́ pín dísìkì. Ìdáhùn mẹ́ta ni ó gbé síwájú wa nígbà náà. Èkíní ni pé kí gbogbo nǹkan wà nínú ìpín kan ṣoṣo, ó sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èyí ni ó yẹ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: «recommandé pour les débutants». Èkejì ni pé kí /home, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn ń gbé, ní ìpín tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí /home, /var àti /tmp ní ìpín tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A wo ọ̀rọ̀ «débutants» yẹn. Àwa tí a ti gba licence, tí odindi kíláàsì ń dìde dúró fún bí a bá wọlé! A yan ẹ̀kẹta. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, a fi ọwọ́ ara wa yí iye tí ẹ̀rọ dábàá padà, a sì lo iye tí ó wà nínú ìwé atọ́nà, láìbèèrè ọdún tí wọ́n kọ ìwé náà àti irú dísìkì tí ó wà níwájú ẹni tí ó kọ ọ́.

Bí a ṣe pín in nìyí. Gígábáìtì 80 tí a kọ sí ara dísìkì jẹ́ ìṣirò àwọn tí ń tà á, àwọn tí ń fi ẹgbẹ̀rún kà. Kọ̀ǹpútà ń fi 1024 kà ní tirẹ̀, nítorí náà 74 àti díẹ̀ ni ó rí. Ìpín àkọ́kọ́, tí a ń fi àmì / pè, tí gbogbo ètò ń gbé inú rẹ̀, gba 9. /var gba 3. Swap, níbi tí kọ̀ǹpútà ń sá sí bí ìrántí rẹ̀ bá kún, gba 2. /tmp gba 1. /home gba gbogbo ìyókù, 59. Ó rí létòlétò lójú wa. A tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sí ojú pátákó, a fi ẹfun oríṣiríṣi àwọ̀ kùn ún, a sì fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì première.

Àṣà fífi ògiri gé ibi ìpamọ́ yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì dùn. Ní ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní ilé ìwádìí Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ PDP-11 àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e lé lórí lẹ́yìn náà ní ìrántí kílóbáìtì 24 àti dísìkì kílóbáìtì 512. Àwòrán kan ṣoṣo tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa fi fóònù yà lónìí kò ní wọ inú dísìkì yẹn. Ní ọdún 1974 tí àwọn méjèèjì tẹ àpèjúwe iṣẹ́ wọn jáde, mẹ́rin nínú àwọn dísìkì tí ẹ̀rọ wọn ń lò jẹ́ mẹ́gábáìtì 2.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó, yóò yó. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, pípín kì í ṣe ohun tí ẹnìkan jókòó pinnu. Dísìkì kan kò gba gbogbo nǹkan, àfi kí a gbé èkejì wá, kí a so ó mọ́ ara igi àwọn àpò níbì kan. Àpò tí ó ń jẹ́ /usr ni àwọn òǹlò ń kó ẹrù wọn sí nígbà náà, orúkọ rẹ̀ sì fi í hàn. Bí àwọn ètò ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń wọ inú /usr. Lónìí ètò ni ó kún /usr dẹ́nu, àwọn ènìyàn ti kó lọ sí /home. Ó dà bí àdúgbò tí ó ṣì ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan, tí kò sì sí ẹyọ ọmọ ìdílé náà kan níbẹ̀ mọ́.

Ògiri náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, a kò ní parọ́ mọ́ ọn. Inú /var ni kọ̀ǹpútà ń kọ ìròyìn ojoojúmọ́ rẹ̀ sí. Bí ètò kan bá ya wèrè ní òru, tí ó ń kọ ìròyìn láìdákẹ́, /var nìkan ni yóò kún, ìyókù kò ní fara gbá a. Bí ètò tí ń darí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́, a lè nu / mọ́ kí a tún un gbé kalẹ̀, láìfọwọ́ kan /home. Àwa ará Kétu kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ nípa odi. Àkàbà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wò ó. Ẹni tí ó wà nínú odi wà ní ààbò. Ìtàn ọdún 1886 sì wà níbẹ̀ láti rán wa létí pé odi kan náà lè há àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, a fún àwọn ọmọ kíláàsì seconde ní iṣẹ́ kan: kí olúkúlùkù lọ bá àgbà kan nínú ilé rẹ̀, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Oríkì orílẹ̀, ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ agbo ilé dó, ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọmọ ní orúkọ kan tí wọn kì í sọ òmíràn. A yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí ó dára, nítorí ohùn fóònù kò tẹ́ wa lọ́rùn. Fáìlì tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, WAV, kì í fún ohùn pọ̀. Ìṣẹ́jú kan ń gba mẹ́gábáìtì 10 ó lé, wákàtí kan ń gba ju 600 lọ. Nígbà tí wọn yóò fi parí, a ti ní fáìlì 61, wákàtí 26 lápapọ̀, gígábáìtì 16 ó lé díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú /home. Àwọn ọmọ díẹ̀ da tiwọn kọ sórí clé USB. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ wọn kò da ohunkóhun kọ síbì kankan, nítorí a ní àyè tí ó pọ̀ nínú /home, a sì rò pé àyè púpọ̀ àti ààbò jẹ́ ohun kan náà.

Ohun tí ó dá wàhálà sílẹ̀ kò lé ní ìlà kan. A fẹ́ fi LaTeX sí kọ̀ǹpútà náà, ètò tí àwọn oníṣirò ń lò láti tẹ iṣẹ́ wọn kí ó rí bí ti inú ìwé, kí ìbéèrè ìdánwò wa má baà máa jáde bí ìwé tí adìẹ fi ẹsẹ̀ kọ. A kò yan díẹ̀ nínú rẹ̀. Texlive-full ni a pè, odindi. Apt, tí ó jẹ́ ìránṣẹ́ Debian fún irú iṣẹ́ yìí, ṣe ohun tí ó máa ń ṣe: ó ka iye tí yóò wà á wọlé fún wa, ó ka iye àyè tí yóò gbà bí ó bá tú u tán, èyí tí ó ju gígábáìtì 5 lọ, ó sì béèrè: «Souhaitez-vous continuer ? [O/n]». A tẹ O. Tọkàntọkàn ni a fi tẹ̀ ẹ́. Àpapọ̀ dísìkì ni a ń wò, a kò wo /, tí 9 rẹ̀ ti lo ju 5 lọ.

/var ni ó kọ́kọ́ kọ̀. Inú /var/cache/apt/archives ni apt ń kó àwọn ẹrù tí ó bá wà wálé sí kí ó tó tú wọn, 3 tí a fún /var kò sì gbà wọ́n. Èyí rọrùn láti tún ṣe, a sì tún un ṣe: a fi àṣẹ kan sọ fún apt pé kí ó kó ẹrù náà sí àpò kan nínú /home. Inú wa dùn, a rò pé a ti gbọ́n ju ògiri lọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù sínú /usr, tí ó wà nínú ìpín àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni gbólóhùn Faransé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ètò náà dúró ní agbedeméjì. Kò wọlé tán, kò sì jáde.

Kí á tó mọ ibi tí ó ti ń dùn wá, a ti fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀. A pe àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jọ, a ní kí wọ́n pa àwòrán àti orin inú àpò wọn rẹ́, nítorí àwọn ni ó kún ilé. Wọ́n pa á rẹ́, àwọn kan pẹ̀lú omi lójú. /home ni wọ́n tú sílẹ̀. / Kò rí ìbú ìka kan gbà nínú rẹ̀. A ṣì jẹ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Àṣẹ kan tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ ni ì bá gbà wá: df -h. Ó máa ń to àwọn ìpín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtóbi wọn, ohun tí a ti lò, ohun tí ó kù, àti ibi tí a so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Nígbà tí a lò ó níkẹyìn, ó fi hàn wá: / ti dé 100%, /home kò tíì tó 40%. Ọ̀kan ń kú lọ fún ebi, ẹnìkejì rẹ̀ jókòó ti àwo tí ó kún, ògiri kan ṣoṣo sì ni ó wà láàárín wọn. (Bí df bá ní àyè wà, tí ẹ̀rọ sì takú pé kò sí, ẹ lo df -i. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ń gba nọ́ńbà, nọ́ńbà sì lè tán kí àyè tó tán. Èyí ṣẹlẹ̀ sí wa lórí kọ̀ǹpútà mìíràn.)

Ọ̀nà tí kò léwu pọ̀ níwájú wa nígbà náà, a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n. A lè yọ texlive-full kúrò kí a gba kìkì apá tí a nílò. A lè sọ fún apt pé kí ó palẹ̀ àwọn kernel àtijọ́ mọ́ pẹ̀lú autoremove, nítorí Debian kì í fi ìkánjú ju ti àná nù bí tòní bá dé. A lè gba LaTeX láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe é fúnra wọn, nítorí ètò ìgbékalẹ̀ tiwọn ń jẹ́ kí ẹni yan àpò tí yóò gbé, kí a sì yan /home. A lè kó àpò ńlá kan kúrò nínú /usr lọ sí /home, kí a fi ln -s ṣe atọ́ka sí i ní ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, tí ẹni tí ó bá ń wá a yóò fi bá a níbi tí ó ti mọ̀ ọ́n. Kò sí èyí tí ó gba ju wákàtí kan lọ nínú wọn.

Àwa fẹ́ sún ògiri.

Ẹni tí ó bá ti rí àwọn oníṣọ̀ọ́bù tí ń sún ìsọ̀ wọn lọ́jà yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Àwọn ìpín tò tẹ̀lé ara wọn lórí dísìkì: / ni àkọ́kọ́, /var tẹ̀lé e, swap, /tmp, kí ó tó kan /home. Àyè tí a bá gé kúrò ní ìdí /home kò wúlò fún /, nítorí kò fara kàn án. Orí /home ni a gbọ́dọ̀ gé, kí a kó gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sún sí ìsàlẹ̀, báìtì kan lẹ́yìn èkejì, kí a sún /tmp, kí a sún swap, kí a sún /var, kí ìpín àkọ́kọ́ tó lè nà. Ext4, ọ̀nà tí dísìkì wa ń gbà to fáìlì, ń gbà kí a sọ ìpín di ńlá nígbà tí a ń lò ó, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ dín in kù, àfi kí a kọ́kọ́ tú u kúrò lára igi. (XFS kì í sábà gbà kí a dín in kù.) Ètò kan wà tí ń jẹ́ GParted, tí ó ń ṣe gbogbo èyí lójú àwòrán, ẹni kàn ń fi atọ́ka fa ògiri bí ẹni ń fa aṣọ títa. Ó kìlọ̀ fún wa kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a da ohun tí ó ṣe pàtàkì kọ síbòmíràn, pé ìsúnkiri lè gba àkókò gígùn, àti pé ó lè ba fáìlì jẹ́ bí nǹkan bá lọ ségesège. A kà á, a tẹ «Appliquer».

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. A kò ní onduleur. Ní agogo márùn-ún ku díẹ̀, ọ̀pá tí ń fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn ti kọjá ìdajì, iná lọ.

Kò sí ariwo kankan. Afẹ́fẹ́ inú kọ̀ǹpútà dákẹ́, a gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Nígbà tí iná padà dé, / wà, /var wà. Ibi tí /home wà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ mọ́. Apá kan nínú rẹ̀ ti dé ibùgbé tuntun, apá kan ṣì wà ní ti àtijọ́, ìwé tí ó ń júwe ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà kò sì bá èyíkéyìí nínú méjèèjì mu.

Láàárín àwọn tí ohùn wọn wà níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan tí ó ń ta ata. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kìíní, ogójì ìṣẹ́jú gbáko, níbi tí ìyá náà ti ka àwọn tí ó bí ìdílé wọn láti ìran dé ìran. Ìyá náà ti kú ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ọmọbìnrin náà kò ní clé USB. A kò lè fi lẹ́tà rán ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì lọ sí agbo ilé náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a dọ̀bálẹ̀ fún baálé, a sì jẹ́wọ́.

Bàbá náà gbọ́ wa dé òpin. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun kan tí a kò múra sílẹ̀ fún: «Ohùn náà, níbo ni ó wá wà báyìí?»

A wo ara wa. Ìdáhùn òtítọ́ ni pé ohùn náà ṣì wà nínú dísìkì, tàbí apá kan rẹ̀, pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ó ti parẹ́. A sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní: «Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin tíṣà, ẹ wá a.»

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ó kó wa yọ nínú èrò pé kí a nu dísìkì náà kí a tún bẹ̀rẹ̀. A yọ ọ́ kúrò, a dáwọ́ kíkọ ohunkóhun sí i dúró, a sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ètò kan wà, PhotoRec, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Christophe Grenier, kọ, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Kì í wo ìwé ojúwèé tí ó ti bàjẹ́. Ojú dísìkì gan-an ni ó ń yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wá àmì tí irú fáìlì kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ń mọ ọmọ ìlú rẹ̀ nínú èrò nípa ilà ojú. Ohun tí kò lè mú padà ni orúkọ. Gbogbo ohun tí ó bá rí, nọ́ńbà ni ó ń fún un. Ó ṣiṣẹ́ fún òru kan àti ààbọ̀ ọjọ́; àwa náà ti lọ yá onduleur kan nígbà yẹn.

A gba fáìlì ohùn 52 padà. 43 pé. Nínú 9 yòókù, ohùn ti dà pọ̀ mọ́ ohun mìíràn: oríkì ọdẹ kan já láàárín ọ̀rọ̀, ó di orin tí àwọn ọmọ kọ ní ọjọ́ àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí orúkọ lórí èyíkéyìí. Nítorí náà a pe àwọn ọmọ kíláàsì náà padà, ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, à ń fi fáìlì dún, ẹni tí ó bá mọ ohùn yóò ké sí i. «Ti ìyá wa àgbà ni!» «Bàbá wa tí ó wà ní Ìlárá nìyẹn.» Àwọn àgbà kan wá fúnra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohùn ara wọn. A ní láti sọ pé kò sí ẹ̀kọ́ kan tí a ti kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó ní ìdákẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin tí à ń wí mọ ti ìyá rẹ̀ àgbà kí ìyá náà tó sọ̀rọ̀. Ikọ́ ni ó gbọ́. Ìṣẹ́jú 11 ni ó kù nínú ogójì. Ó dé ìran kẹrin, ó já.

Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe wà lónìí nìyí. A lo LVM, ọ̀nà kan tí ó ń sọ gbogbo dísìkì di àká kan, tí a ó máa bu ìpín jáde nínú rẹ̀. Ìpín tí ó bá ń fẹ́ àfikún kò nílò kí àyè náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbikíbi tí ó bá wà nínú àká, yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láìsún ẹnikẹ́ni, láìpa kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àṣẹ lvextend -r. A fún / ní 25, a kò ya /var àti /tmp sọ́tọ̀ mọ́, nítorí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ogún ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ilé ìfowópamọ́. Swap gba 2. /home gba 25, nítorí ògiri tí ó wà láàárín iṣẹ́ ènìyàn àti ètò ẹ̀rọ ni ọ̀kan ṣoṣo tí a rí i pé a nílò ní tòótọ́. Gígábáìtì 22 tí ó kù, a kò fún ẹnikẹ́ni. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ béèrè ìdí tí a fi ń fi àyè ṣòfò, a sì ní kí wọ́n fún wa ní ọdún kan. Kí ọdún náà tó pé, / ti béèrè fún 5 nínú rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà márùn-ún yòókù, a yan ìpín kan ṣoṣo, ti àwọn débutants.

Àwọn ohùn náà wà ní ibi mẹ́ta báyìí, ọ̀kan wà nínú clé USB ní ilé baálé tí ó ní kí a wá a, ó wé e mọ́ aṣọ funfun. LaTeX náà wà. A kò gba odindi. Bí apt bá béèrè «O/n», a máa ń ka iye tí ó kọ sókè sí ara wa létí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Ó ku fáìlì kan. Nọ́ńbà tí PhotoRec fún un ni ó ṣì ń jẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ohùn náà nínú gbogbo àwọn tí ó wá jókòó. Ọkùnrin ni, àgbà ni, ó ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 7 nípa kànga kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbẹ́ ní ọ̀nà Ìdígné, àti bí wọ́n ṣe bá òkúta pàdé. A lérò pé ọmọ tí ó gbà á sílẹ̀ ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtẹ́tísílẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kò sí kíláàsì, yàrá kọ̀ǹpútà ń ṣí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ó lè jẹ́ ti ilé òun, kí ó wá gbọ́ ọ.